Àpá Tí Mo Pa Rẹ́ Lójú Àbúrò Mi

Mo ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, irọ́ tí mo fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ti tán lára mi. Bí ẹ bá ka èyí tán tí ẹ fẹ́ pè mí ní ìkà, ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kà á tán ná.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Ọkọ mi ló kọ́ mi. Nígbà tó kú, ó fi ilé fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: yàrá kan tó kọjú sí títì, kámẹ́rà, àpótí ìjókòó kan, àti aṣọ funfun tí mò ń ta sára ògiri. Kò fi ọmọ sílẹ̀. A kò rí ọmọ bí.

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀lé mi, Telọ la ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ni àbíkẹ́yìn. Ọdún méje ni mo fi jù ú lọ.

Ọwọ́ mi ni gbogbo fọ́tò ẹbí wa wà, álíbọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án. Ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ọdún wo ni lágbájá kú, èmi ni wọ́n ń bi. Fọ́tò mọ́kànlélógún ló wà lára ògiri pálọ̀ ilé bàbá wa. Bí ìyàwó tuntun bá wọ inú ẹbí, èmi ni mo máa ń mú un dúró níwájú ògiri náà, tí n ó máa ka àwọn èèyàn inú fọ́tò fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún lè ṣe é.

Àbúrò mi obìnrin ní àpá kan, láti abẹ́ ojú òsì dé àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi náà ni mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀. N ó ní, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ń sáré lọ jí ẹran nínú ìkòkò, ló bá ṣubú lé ìdérí agolo. Gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àbúrò mi bí ọmọbìnrin kan. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ àbúrò mi láti ìlú dé ìlú, tí ìyàwó sì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n bá wọn mú ọmọ náà sọ́dọ̀. Mo mú un. Ó kéré bí ìka ọwọ́, mo sọ ọ́ ní Tíńtín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ìyá Àgbà ló ń pè mí.

Tíńtín ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Kó tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun, ó jókòó tì mí fún oṣù kan gbáko, ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń bu awọ ara tó mọ́ láti ibì kan lójú èèyàn, tí wọ́n á fi lẹ ibi tí kò mọ́, bí ìgbà tí Telọ bá ń lẹ aṣọ. Ó máa ń pariwo lé mi lórí: "Ìyá Àgbà, tí ẹ bá ń yá awọ, ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ má baà yá ohun tó wà lára ẹ̀ mọ́ ọn!"

Ó lọ. Ó lọ́kọ níbẹ̀. Ó lóyún.

Ìwé ìpè dé ní ọjọ́ Sátidé kan. Àbúrò mi ni wọ́n pè, pé kó wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá bí. Ó pè mí sí pálọ̀ rẹ̀ kí n wá bá a ka ìwé náà. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjì wà níbẹ̀.

Mo kà á tán, mo fi ṣàwàdà. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí èmi náà lọ máa di ẹrù tèmi."

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. "Háà, Àǹtí! Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ lọ ya ọmọ ní fọ́tò ni? Ọ̀rọ̀ ìkókó kọ́ nìyẹn o. Ẹni tó bá ti rọbí rí ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn bá mi délé, ó bá mi jẹun, ó bá mi sùn. Ta ló jókòó ti Tíńtín nígbà tí èéyi mú un? Ta ló wọ bàtà ojú kan, bàtà ojú kan, sáré lọ bá olùkọ́ tó nà án lẹ́gba mẹ́tàlá? Mo ń bi ògiri léèrè. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mo ní, ó dáa. Ẹni tó rọbí yóò lọ. Ẹ jẹ́ kí n wo bí yóò ṣe lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò físà rẹ̀ bí kò ṣe èmi.

Fọ́tò físà kì í ṣe fọ́tò eré. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ òfin rẹ̀ sára páálí kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé fọ́tò níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè rí i. Ẹ̀yìn funfun. Kò gbọdọ̀ sí òjìji. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ yọ awò ojú. Ẹ pa ẹnu dé. Èyí tó kẹ́yìn, mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́: A KÌ Í TÚN OJÚ ṢE.

Mo mọ ìdí tí mo fi lo yíǹkì pupa. Káfíńtà kan ní àdúgbò wa lọ sọ́dọ̀ àwọn kan, wọ́n bá a yọ kókó tó wà níwájú orí rẹ̀ nínú fọ́tò. Àwọn ẹ́ńbásì gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ síbí, wọ́n gbé fọ́tò sọ́hùn-ún, wọ́n rí i pé kókó ti fò lọ. Wọ́n ní ó fẹ́ tan àwọn jẹ. Wọ́n lé e, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tún tọrọ físà àwọn títí ọdún márùn-ún.

Ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ.

Àbúrò mi dé ilé fọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó wé gèlè tó ga bí òrùlé, yẹtí ń dán, àtíkè kún ojú.

"Ṣí gèlè," mo ní.

"Ṣí gèlè kẹ̀! Àǹtí, n ò tíì dirun o!"

"Àwọn tó ń fúnni ní físà ò fẹ́ fi ọ́ ṣe aya. Ṣí i. Yọ yẹtí. Nu àtíkè yẹn kúrò, ó ń kọ mànà lójú kámẹ́rà."

"Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ ni o. Tí n ò bá rẹ́rìn-ín, ojú mi máa ń le."

"Jẹ́ kó le. Pa ẹnu dé."

Mo gbé àpótí ìjókòó síwájú kí òjìji má baà bọ́ sára aṣọ funfun. Mo to iná méjì sí ọ̀tún àti òsì. Mo fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, bí mo ṣe máa ń gbé e nígbà tó wà ní kékeré tí mo bá ń bọ́jú fún un. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìkẹta dára. N kò rí fọ́tò físà tó péye tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún méjìlélógójì tí mo ti wà nídìí iṣẹ́.

Mo fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ó wo ara rẹ̀ títí. Ó fi ìka tọ ojú àpá náà.

"Àpá yìí tún ti dúdú sí i. Mo mà ti darúgbó o, Àǹtí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò síbi tẹ́ ẹ lè bá mi dín in kù díẹ̀?"

Páálí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Yíǹkì pupa ń wò mí.

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Rárá o, wọ́n á dá ọ padà." Oníbàárà mélòó ni mo ti sọ ọ́ fún! Kò wúwo lẹ́nu. Ọmọ ìyá mi ló jókòó síwájú mi, orí ṣíṣí, irun funfun wúruwùru.

Mo ní, "Lọ jókòó níta. Màá bá ọ wò ó."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà mí. Mo bu awọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo fi lẹ òsì. Mo tún bu, mo tún lẹ̀. Mò ń kọrin lábẹ́ ahọ́n bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́. N kò ní parọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn bá họ ibi tó ti ń yún un tipẹ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ń bẹ nínú báàgì rẹ̀ níta, àpá gbọọrọ wà nínú fọ́tò tibẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé méjèèjì síra wọn. Ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó rí i, ó kígbe. "Háà! Èmi rèé! Àǹtí mi, ọwọ́ yín ò ní rọ o!"

Ó dì mọ́ mi. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi.

Ọlọ́run tún fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tó máa lọ sí ẹ́ńbásì, ó pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ọkọ mi wo fọ́tò yẹn, ó ní ta nìyí. Ṣé kò dán jù?"

"Ojú ọkọ rẹ ti ń ṣú. Ní kó lọ ra awò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màá sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀ o."

"Sọ fún un."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo pọn omi, mo mu. Mo lọ ya fọ́tò ìyàwó ṣọ́jà kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Telọ pè mí. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ nílé bàbá wa. Wọn ò fún un."

Mo wọ aṣọ mi tó dára jù lọ. Kí n má tàn yín, bí ẹni ń lọ wòran ni mo ṣe múra.

Àbúrò mi jókòó sí igun àga, ó ká gèlè sí itan, ojú rẹ̀ wú. Ìwé tí wọ́n fún un wà lọ́wọ́ Telọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́tò tó mú wá kì í ṣe ojú rẹ̀ bó ṣe rí, pé ó fẹ́ tan àwọn jẹ, àti pé kó má tún tọrọ títí ọdún márùn-ún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. "Ìwà ìkà wo nìyẹn! Àwọn wọ̀nyẹn ò lójú àánú! Ọmọ tó lóyún oṣù mẹ́jọ sínú!" Mo pàtẹ́wọ́, mo mi orí, mo tilẹ̀ rí omi díẹ̀ fà jáde lójú.

Telọ pe Tíńtín lórí fóònù, ó sì tẹ ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn ọmọ náà ti rẹ̀.

"Màmá, ẹ má sunkún. Fọ́tò wo lẹ fún wọn? Ẹ yà á ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó."

Telọ ya fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́. A dúró. A ń gbọ́ bí Tíńtín ṣe ń mí.

"Àpá Màmá dà?"

Telọ gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú rẹ̀.

"Ta ló ya fọ́tò yìí?"

Telọ ní, "Ta tún ni? Àǹtí ni."

"Ṣé Ìyá Àgbà wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, ọmọ mi. Àwọn ẹ́ńbásì yẹn—"

"Ìyá Àgbà. Àmì dúdú kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Màmá, tó dà bí orí abẹ́rẹ́. Báwo ló ṣe tún wà ní òsì?"

Mo ti yá ohun tó wà lára awọ mọ́ ọn. Orin tí mò ń kọ kò jẹ́ kí n rí i.

"Àṣìṣe kan ṣoṣo tẹ́ ẹ kì í yéé ṣe nígbà tí mò ń kọ́ yín nìyẹn," ni Tíńtín wí. "Kò sẹ́lòmíì tó ṣe é. Ẹ̀yin ni."

Mo fò sókè. "Òun ló ní kí n dín in kù! Ẹ bi í! Kò ha jókòó síwájú mi, kó ní kí n bá òun dín in kù?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni àbúrò mi wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Bí ọmọdé ṣe ń nawọ́ sí iná ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó ń jó."

Telọ ò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Àǹtí, kí ló wà lórí páálí yín? Èyí tẹ́ ẹ fi pupa kọ?"

"Telọ, má bá mi—"

"Mo ń kà á nígbàkigbà tí mo bá wá síbẹ̀. A kì í tún ojú ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Mo yíjú sí àbúrò mi. Gbogbo ẹ̀ bú jáde lẹ́nu mi. "Ìwọ lo ní ẹni tó rọbí ló mọ̀ ọ́n! Níṣojú àwọn àlejò! Ìwọ tí o kó ọmọ sílẹ̀ fún mi lọ́dún mẹ́rìnlá!"

"Mo sọ ọ́," ó ní. "Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ni mo fi nà yín, Àǹtí. Ẹ ò fi ọ̀rọ̀ nà mí padà."

Ó dìde. Ó bọ́ sí iwájú Telọ, ó fi ìka tọ ojú àpá rẹ̀.

"Ẹ bi wọ́n ibi tí èyí ti wá. Kò sí ẹran, kò sí ìkòkò. Ìwé iléèwé wọn ni mo fà ya, ni wọ́n fi sọ ìdérí agolo lù mí. Bàbá bi mí, mo ní mo ṣubú. Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Àǹtí ń sunkún jù mí lọ. Àánú wọn ṣe mí. Ọgọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n fi ń pè mí ní olójúkòkòrò láàárín ẹbí, tí mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín."

Ó yíjú sí mi.

"Ìgbà tẹ́ ẹ fi í sí mi lójú, mo bò yín. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti pa á rẹ́, ta ni kó tún bò yín?"

Mo yíjú sí àwọn fọ́tò ara ògiri. Èmi tí wọ́n ń bi ní gbogbo ìtàn.

Ohùn Tíńtín wá láti inú fóònù. "Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun."

Ó pa á. Kò tún pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Tíńtín. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó wà nílé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ láìsí ẹni tirẹ̀ tó máa gbé ọmọ fún un. Telọ ló sọ fún mi. Obìnrin ni ọmọ náà, ara sì yá a. Tíńtín fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí Telọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyàwó Telọ, kódà ó fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò ìyá rẹ̀. Kò fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù kẹsàn-án, mo ti kọ ọjọ́ ìbí sábẹ́ rẹ̀. Òkè rẹ̀ ṣófo.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyà mi parí sí. N kò mọ àbúrò mi.

Ó gbé fọ́tò físà yẹn lọ sí ilé fọ́tò tó kọjú sí tèmi gan-an, lódì kejì títì, kí n lè máa wò ó bó ṣe ń wọlé. Ó ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó tóbi bí ojú fèrèsé. Ó fi férémù oníwúrà sí i. Ó gbé e lọ sí ilé bàbá wa, ó fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá wa. Òun ni ìkejìlélógún.

Nígbà tí ọmọ Telọ gbé ìyàwó wálé, wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo mú ìyàwó náà lọ́wọ́, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ka ìkọkànlélógún, mo yí padà kí n lọ jókòó.

Àbúrò mi wà lórí àga. "Àǹtí, ó ku ọ̀kan."

Mo ní, "Ojú rẹ nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́?"

"Ìyàwó ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn."

Telọ ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ọ̀ún kò mọ nǹkan kan, ó na ìka sí fọ́tò. "Màmá, kí ló dé tí àmì dúdú fi wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì?"

Mo sọ ọ́. Láti orí ìdérí agolo dé orí yíǹkì pupa, mo sọ ọ́ pátá, nítorí bí mo bá fo ọ̀kan, àbúrò mi yóò ní, "Àǹtí, ẹ gbàgbé ibì kan." Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí, fún ìyàwó, fún àna, fún àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ ṣe ìkeje. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, dandan ni kó ru igbá rẹ̀ délé.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ tán, àbúrò mi a ṣí báàgì rẹ̀, a mú fọ́tò ọmọ Tíńtín jáde, a nà án sí àlejò lókè orí mi.

Àlejò a ní, "Háà, ó mà rẹwà o! Ta ló jọ?"

Mo ti na ọrùn rí. Ó yí ẹ̀yìn fọ́tò sí mi. Ẹ̀yìn ìwé funfun, láìsí òjìji kankan.

Mo pe Telọ sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Telọ, ọmọ ìyá mi, sọ fún mi. Ta ni ọmọ náà jọ?"

Ó ní, "Àǹtí, àbúrò wa ní kí n má sọ."

N kò bínú sí i. N kò bínú sí àbúrò mi pàápàá. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ǹ bá ṣe. Ìyá kan náà ló bí wa.